Bí ẹ ṣe lè ra ìnṣọ́ránsì àfikún fún jíìmù kékeré

Kò sí bí jíìmù ṣe kéré tó tí ènìyàn ò lè ṣèṣe níbẹ̀. Okùn ẹ̀rọ lè já, ilẹ̀ lè yọ̀, irin lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan kó já lé ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Bí ẹni tó ṣèṣe bá pè yín lẹ́jọ́, ìnṣọ́ránsì tí ẹ ti ní ni yóò kọ́kọ́ san owó gbà-má-bínú, àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ọrùn yín ló wà. Torí ìyókù yẹn ni wọ́n ṣe ń ta ìnṣọ́ránsì àfikún. Orí èyí tí ẹ ti ní ló ń jókòó lé, nítorí náà, ìwé tó wà nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ wá gbèdéke méjì nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Èkejì ni àpapọ̀ ohun tí wọ́n lè san títí àsìkò ìwé náà á fi parí, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan. Ká ní mílíọ̀nù 1 ni ti àkọ́kọ́, tí èkejì jẹ́ mílíọ̀nù 2. Bí ilé ẹjọ́ bá ní kí ẹ san 1,400,000, ìnṣọ́ránsì àkọ́kọ́ á san mílíọ̀nù 1, àfikún á san 400,000. Ìyẹn ò le. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbójú fò ni pé ẹni mẹ́ta lè ṣèṣe lọ́dún kan náà, kí owó kálukú jẹ́ 800,000. Kò sí èyí tó kọjá mílíọ̀nù 1 nínú wọn, síbẹ̀ àpapọ̀ wọn ti di 2,400,000. Ẹ béèrè bóyá àfikún máa gbapò nígbà tí mílíọ̀nù 2 ti ọdún náà bá tán, kí wọ́n sì fi ìdáhùn náà hàn yín nínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn ohun tí wọ́n láwọn ò ní san. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ. Ẹ wo oníbàárà kan tó ń gbé irin. Olùkọ́ fi irin kún un lọ́tùn-ún lósì, ó ní, “Ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ máa ṣe é.” Bó ṣe gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ dún, kò lè nà mọ́. Ilẹ̀ ò yọ̀, ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ohun tí lọ́yà rẹ̀ máa rojọ́ lé lórí ni pé olùkọ́ kò tọ́ ọ sọ́nà dáadáa. Ìnṣọ́ránsì tó wà fún ìjàǹbá inú ilé lè sọ pé ẹjọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni kì í ṣe tòun. Èyí tó wà fún àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ ló máa gbà á. Ẹ lè ní méjèèjì, kó sì jẹ́ pé orí ti inú ilé nìkan ni àfikún jókòó lé. Nínú ìwé àfikún, wọ́n máa ń to orúkọ àwọn ìnṣọ́ránsì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Bí ti iṣẹ́ ìkọ́ni ò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi kún un kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wá ibòmíì.

Irú àfikún méjì ló wà. Ọ̀kan ń tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́: ohun tíyẹn bá kọ̀, òun náà á kọ̀ ọ́. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní umbrella, lè gba nǹkan díẹ̀ tí àkọ́kọ́ ò gbà, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ san iye kan lápò ara yín. Àwọn tó ń tà á máa ń pe ọ̀kan lórúkọ èkejì, nítorí náà, ẹ má ra orúkọ.

Àwọn olùkọ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, tí wọ́n kàn ń wá kọ́ni lọ́dọ̀ yín, gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tiwọn. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Tó bá kan iye tí ẹ máa rà, ẹ má fi èrè ọdọọdún yín ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ máa nílò ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbáà jẹ́ jíìmù ńlá tàbí yàrá kan ló ti ṣèṣe. Ẹ wo ìwé àdéhùn ilé tí ẹ yá pẹ̀lú; onílé lè ti kọ iye ìnṣọ́ránsì tó fẹ́ kí ẹ ní síbẹ̀.

Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe: ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kíláàsì ọmọdé, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn tó ti ṣèṣe rí. Ohun tí ẹ bá fi pa mọ́ lè mú kí wọ́n kọ̀ láti sanwó. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí ìwé méjèèjì máa parí bára mu, kí ẹ má sì dín gbèdéke ti àkọ́kọ́ kù lẹ́yìn náà, torí ẹ̀yin lẹ máa fi owó ara yín dí àlàfo tó bá wà láàárín wọn.

Bí ẹnì kan bá ṣèṣe, ẹ kọ ọjọ́, aago, ẹ̀rọ tó lò àti orúkọ àwọn tó rí i sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ya fọ́tò. Ẹ má gbára lé ìwé tí oníbàárà fọwọ́ sí pé òun ò ní pẹjọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé ẹjọ́ kì í kà á sí bó bá jẹ́ àìbìkítà tó burú jáì ló fa ìjàǹbá náà. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá le, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì méjèèjì ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí. Bí ẹ bá dúró títí owó àkọ́kọ́ fi tán kí ẹ tó sọ fún ti àfikún, wọ́n lè ní ẹ ti pẹ́ jù.