Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Rí Àyè Nínú Yàrá Ìwádìí Tí Wọ́n Ti Ń Fi Ìṣirò Mọ Ìṣe Sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀ka kan wà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ti ń wọn sẹ́ẹ̀lì dípò kí wọ́n kàn máa ṣàpèjúwe rẹ̀: wọ́n ń wádìí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń tóbi tó kó tó pín sí méjì, àti bí purotéènì kan ṣe ń yára rìn tó nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń kọ́ fisíìsì, matimátíìkì tàbí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà fi lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àyè níbẹ̀ bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ bàọ́lọ́jì.

Lára àwọn ilé ìwádìí tó lókìkí nínú iṣẹ́ yìí ni EMBL ní Heidelberg àti Max Planck ti Dresden, ní Jámánì. Ilé ìwádìí Francis Crick wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àti Janelia ní Virginia, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí owó ìrìn-àjò bá ń dà láàmú, ISTA tó wà nítòsí Vienna ní Austria àti OIST ní Okinawa ní Japan ni mo máa ní kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ètò ìkọ́ṣẹ́ wọn ń ran akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè lọ́wọ́ lórí ọkọ̀ àti ilé. Ọ̀pọ̀ ètò ìgbà ooru ló máa ń ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo gbà pé ó lágbára ju máàkì lọ ni iṣẹ́ kékeré tí ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe, kò sì gba máíkírósíkóòpù. Ọ̀fẹ́ ni Fiji àti CellProfiler, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú àwòrán sẹ́ẹ̀lì. Broad Institute, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, náà ti kó àwòrán sẹ́ẹ̀lì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn. Ẹ wa èyí tí wọ́n pè ní BBBC039 jáde: àwòrán 200 ni, pẹ̀lú nǹkan bíi núkílíọ́ọ̀sì (apá inú sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́jú àbùdá) 23,000 tí àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ fa ààlà wọn. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ya núkílíọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ ka iye wọn, kí ẹ wọn bí wọ́n ṣe tóbi tó, kí ẹ wá fi èsì yín wé ti àwọn onímọ̀. Ẹ máa rí i pé níbi tí méjì bá ti fara kanra, kọ̀ǹpútà sábà máa ń kà wọ́n sí ẹyọ kan: iye á dín kù, ìwọ̀n á sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹ kọ bí àṣìṣe náà ṣe pọ̀ tó, ohun tó fà á, àti bí ẹ ṣe dín in kù, kí ẹ sì gbé kóòdù àti èsì yín sórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ti ń pín kóòdù, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe.

Lẹ́tà sí olórí yàrá ìwádìí kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Ní tiwa, ìkíni gígùn ni ọ̀wọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ àti oyè rẹ̀ ti tó, lẹ́yìn náà kí ẹ wọnú ọ̀rọ̀. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kan tí ẹ ti kà, ẹ béèrè ìbéèrè kan tó ti inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ṣe. Ẹ fún olùkọ́ tó máa jẹ́rìí yín ní ẹ̀dà iṣẹ́ náà ní kùtùkùtù.

Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ béèrè ní kíkọ ẹni tó máa san owó ilé, owó ọkọ̀, owó físà àti owó ìbánigbófò ìlera, kí ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kí físà tó jáde.