Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ wáyà tó yá fún SSD yín kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fídíò òde ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àtẹ̀yin ọmọ LAUTECH tẹ́ ẹ ń kó iṣẹ́ project pamọ́, ọ̀rọ̀ wáyà yìí ń dùn mí gan-an torí mo ń rí àwọn tó ń fowó gidi ra SSD (ohun kékeré tẹ́ ẹ ń kó fáìlì pamọ́ sí) tó yá, wọ́n á wá mú wáyà ṣájà fóònù so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, á wá máa falẹ̀, wọ́n á ní SSD yẹn ni ò dáa. Wáyà ni o!

Ẹnu Type-C kan náà ló wà lára gbogbo wọn lóòótọ́, àmọ́ inú wọn ò dọ́gba. Ọ̀pọ̀ wáyà tó ń bá fóònù wá, USB 2.0 ni, ìyẹn ìran àtijọ́ tó ń falẹ̀, 480 Mbps ló mọ (Mbps ni ìyára dátà, 1000 Mbps ló ń jẹ́ 1 Gbps), tó bá dójú iṣẹ́ kò ju bíi 40 MB lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan. Fídíò ìgbéyàwó tó bá tó 100 GB, ẹ máa jókòó tì í tó ìṣẹ́jú 40. Pẹ̀lú wáyà 10 Gbps, tí SSD àti ihò láptọ́ọ̀pù náà bá gbé e, ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta ló ti parí.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan fóònù ní Tákíé tàbí Under G, wọ́n á ní "100W ni, original ni". 100W yẹn, ọ̀rọ̀ ṣájì ló ń sọ, kò kan dátà rárá, wáyà lè gbé 240W kó ṣì jẹ́ 480 Mbps. Gbps ni kẹ́ ẹ wá lára páálí: 5, 10, 20 tàbí 40. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ kà á sí 2.0. Kó nípọn, kó láṣọ híhun lára, ìyẹn ò sọ nǹkan kan.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ẹnu Type-C yẹn. Ẹ máa rí àwọn irin tíntìntín tò sókè, tò sísàlẹ̀. Àlàfo kékeré kan lápá kan ò burú, àmọ́ tí àlàfo bá wà káàkiri lápá méjèèjì, ẹ dá a padà, kì í ṣe tiyín. Pé wọ́n pé náà ò tíì fi hàn pé ó yá o, torí àwọn kan ń to irin síbẹ̀ láì so wáyà kankan mọ́ ọn nínú. Fún USB ńlá tàtijọ́, irin 4 ló wà níwájú, USB 3, ìyẹn èyí tó yá ju 2.0 lọ, ní 5 míì nínú lọ́hùn-ún.

Ẹ wo gígùn rẹ̀ náà, kó má ju báyìí lọ: 5 Gbps, bíi mítà 2, 10 Gbps, mítà 1, 40 Gbps, 80 cm. Ẹni tó bá ní òun ń ta mítà 3 tó ń sáré 40 Gbps lówó pọ́ọ́kú, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Háàdì dísìkì tó ń yí nínú ní tiẹ̀, 5 Gbps ti tó o, ẹ má náwó jù.

Tẹ́ ẹ bá lè gbé láptọ́ọ̀pù àti SSD dání, ẹ dán an wò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ kọ́pì fáìlì ńlá kan, ẹ̀dà ni o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ní ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa wo iye MB tí Windows ń kọ. Tó bá dúró sí nǹkan bí 40 tí ò kúrò níbẹ̀, tí ihò láptọ́ọ̀pù yín kì í bá ṣe 2.0, wáyà 2.0 ni. Tó bá jẹ́ Linux lẹ̀ ń lò dípò Windows, ẹ tẹ lsusb -t sínú tẹ́mínà (ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ), ẹ máa rí 480M, 5000M tàbí 10000M. Bó ṣe ń kọ́pì lọ́wọ́, ẹ rọra mi ẹnu wáyà náà díẹ̀, tí SSD bá pòórá lójú kọ̀ǹpútà, ẹ má rà á, torí bí fáìlì oníbàárà ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn.

Èyí tó bá yege, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn kẹ́ ẹ kọ 10G sí i, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni nínú ilé mú un ṣájì fóònù.