Ọdún mélòó ni èrò ìlú yóò fi di ìlọ́po méjì?

Nínú 1,000 ènìyàn, yọ iye tó kú lọ́dún kúrò nínú iye ọmọ tí wọ́n bí, kí o fi 10 pín èyí tó kù. Bí wọ́n bá bí 35, tí 10 kú, èrò ń fi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dún. Má gbàgbé àwọn tó ń ṣí wọlé àti àwọn tó ń ṣí jáde. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti sábà máa ń dàrú.

Lẹ́yìn náà, fi 2.5 pín 70, nọ́mbà tí wọ́n máa ń fi ṣírò ìlọ́po méjì: nǹkan bí ọdún 28. Ilẹ̀ oko kì í di méjì ní tirẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà omi 50 lójúmọ́, ìlú ẹlẹ́ni 100,000 tó ń lo mílíọ̀nù 5 lítà yóò nílò mílíọ̀nù 10 nígbà tí èrò bá di ìlọ́po méjì.

Ọrọ̀ ajé tó ń fi 3 nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà? Yọ 2.5 tí èrò fi ń pọ̀ sí i: nǹkan bíi 0.5 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.