Bí Ẹ Ṣe Lè Gbá Deus Ex: Human Revolution Láìpa Ènìyàn

Ọdún 2011 ni Eidos Montréal gbé géèmù yìí jáde, ṣùgbọ́n ọdún 2027 ni ìtàn inú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń fi apá irin àti ojú ẹ̀rọ rọ́pò tiwọn. Adam Jensen, olórí ẹ̀ṣọ́ Sarif Industries ní Detroit, ni ẹ ó máa darí. Àwọn ọ̀gá ọ̀tá tí ẹ kò lè yẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló di dandan kí ẹ pa, géèmù kì í sì ka ìyẹn sí yín lọ́rùn.

Bí wọ́n bá ti ní kí Jensen wá wọ hẹlikópítà lọ gba àwọn tí wọ́n mú nígbèkùn sílẹ̀, ẹ lọ kíá. Bí ẹ bá ń ráre nínú ọ́fíìsì, tí ẹ ń ka lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, wọn yóò ti kú kí ẹ tó dé. Ọ̀pọ̀ géèmù máa ń dúró de ẹni tó ń gbá a. Èyí kì í dúró.

Tí ẹ bá dé ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìkọlù, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: yóò dákú. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, Jensen yóò pa á. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣèèṣì. Ẹ wọ́ ẹni tó dákú lọ sí kọ̀rọ̀, torí pé bí ẹnìkejì rẹ̀ bá rí i, yóò jí i. Ìbọn oògùn oorun dára láti òkèèrè, àmọ́ ẹ yìn ín sí orí. Ẹni tó bá bà níbòmíràn kì í ṣubú lójú ẹsẹ̀, ó sì lè pariwo.

Ìkọlù kọ̀ọ̀kan ń jẹ bátìrì kan lára àwọn tó ń fún ẹ̀rọ ara Jensen lágbára. Bátìrì àkọ́kọ́ nìkan ló ń padà kún fúnra rẹ̀; oúnjẹ CyberBoost ló ń kún ìyókù. Nítorí náà, bó bá jẹ́ bátìrì kan péré ni ẹ nílò, tí gbogbo rẹ̀ sì ti tán, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ sá pamọ́, kí ẹ dúró.

XP (máàkì ìrírí) 5,000 ń fún yín ní Praxis kan, èyí tí ẹ fi ń mú ẹ̀rọ ara Jensen lágbára sí i. Owó inú géèmù 5,000 náà ni wọ́n ń tà á ní ilé ìwòsàn LIMB. Hákì (jíjá wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn) ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an lé, torí pé kọ̀ǹpútà tí ẹ bá wọ̀ lè pa kámẹ́rà, ó sì lè ṣílẹ̀kùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ bá ẹnikẹ́ni pàdé. Tí ẹ bá ń hákì, ẹ wo iye ewu tó wà lórí kókó kọ̀ọ̀kan nínú nẹ́tíwọ̀kì náà kí ẹ tó gbà á. Èyí tí ewu rẹ̀ bá pọ̀, ẹ lo irinṣẹ́ hákì tí wọ́n ń pè ní Nuke sí i. Kò ní ta wọ́n lólobó. Bí wọ́n bá ti ń tọpasẹ̀ yín, irinṣẹ́ kejì, Stop!, yóò dá wọn dúró fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó bá yá, ojú Jensen yóò máa ṣe bàìbàì, wọn yóò sì ní kí ẹ lọ pààrọ̀ chip tó wà nínú ara rẹ̀ ní LIMB. Ẹ má lọ. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, wọn yóò pa gbogbo ẹ̀rọ ara yín kí ìjà pẹ̀lú Namir, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọ̀tá, tó bẹ̀rẹ̀.