Bí a ṣe ń gbé nílé onílé ní Kútọnu, tí a sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ rìnrìn àjò, nígbà tí a bá lọ kọ́ Faransé

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti yunifásítì ilẹ̀ wa tó bá lọ lo oṣù díẹ̀ ní CEBELAE, ibùdó ìkọ́ èdè àjèjì lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí ní Village du Bénin, ibùdó ìkọ́ Faransé ní Lómè ní Tógò, ló máa ń ka kíláàsì sí iṣẹ́, tí wọ́n á ka ilé sí ibi ìsùn, tí wọ́n á sì ka òpin ọ̀sẹ̀ sí fàájì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í. Inú ilé àti ojú ọ̀nà ni èdè ti ń wọ èèyàn lára. Ẹni tó bá ń sá fún àwọn ará ilé ní gbogbo Sátidé kó lè bá àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, Yorùbá àti pijin ló san owó ńlá lọ kọ́.

Ní bọ́dà

Pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ni kó kọ́kọ́ wọ báàgì. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti gbé ní orílẹ̀-èdè kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Tí ẹ̀kọ́ yín bá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ óò nílò carte de séjour, ìyẹn káàdì ìgbé-ìlú, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ láti oṣù kejì, kó má di pé ọjọ́ pé lé yín lórí.

Ní Sèmè-Kraké, òǹtẹ̀ méjì ni kí ẹ rí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: ti Nàìjíríà pé ẹ jáde, àti ti Bẹ̀nẹ̀ pé ẹ wọlé. Àwọn ọlọ́kadà kan á sọ pé àwọn á gbé yín gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá kíákíá. Ẹ má gbà. Pásípọ́ọ̀tù tí kò ní òǹtẹ̀ kò ní ọjọ́ tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka 90 náà, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọjá sí Tógò ni wàhálà rẹ̀ á sì jáde. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé òǹtẹ̀ náà sínú fóònù.

Sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, so mọ́ owó Yúróòpù: yúrò 1 jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í yí padà. Nítorí náà, tí náírà bá já sílẹ̀ níwájú yúrò, owó ilé yín á wọ́n sí i láìjẹ́ pé onílé fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ẹ ṣẹ́ owó ilé oṣù kan sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má máa ṣẹ́ ẹ ní wẹ́wẹ́. Ẹ sì máa tọ́jú bébà 500, 1,000 àti owó onírin. Kò sí ọlọ́kadà tó ní ṣéńjì 10,000 láàárọ̀. Tó bá béèrè monnaie lọ́wọ́ yín, ṣéńjì ló ń béèrè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń tan àwọn tó rò pé owó lásán ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ẹ má lọ síbì kankan

Alẹ́ ọjọ́ kejì tí ẹ bá dé ni kí ẹ bá ìyá ilé jókòó pẹ̀lú bébà àti bírò. Kí ni owó tí ẹ san kó pọ̀? Oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́ nìkan, àbí tọ̀sán wà nínú rẹ̀? Omi ńkọ́? Ta ni ń fọ aṣọ? Aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì? Ṣé àlejò lè wọlé? Iná ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù, torí ilé tó bá ń fi owó sórí mítà kí wọ́n tó rí iná lò, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tètè jẹ ẹ́ tán. Ìjà tó máa ń wáyé láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti onílé, orí iná ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí oúnjẹ.

Ìkíni kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ẹ má kọjá lára àgbàlagbà lọ sí balùwẹ̀ láàárọ̀ láìsọ bonjour. Vous ni «ẹ», tu ni «o». Vous ni kí ẹ máa lò fún gbogbo àgbà títí àwọn fúnra wọn á fi ní kí ẹ dẹ̀ ẹ́. Ẹ má pe orúkọ wọn lásán: maman, papa, tantie, tonton ni. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja kò pọn dandan, kí ẹ tẹrí ba díẹ̀ ti tó. Tí ẹ bá ti ìta wọlé, wọ́n á sọ bonne arrivée, ìyẹn «ẹ kú àbọ̀», ẹ̀yin á sì dúpẹ́. Tí ẹ bá fi Fọ̀n kí wọn, A fɔn ganji a?, ṣé ẹ jí dáadáa, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. Ṣùgbọ́n kó mọ ní ìkíni. Ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, irú èyí tó pọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), dùn ún gbé, ó sì léwu fún akẹ́kọ̀ọ́: oṣù mẹ́ta á pé, ẹ ò ní tíì la ẹnu sọ Faransé. Ẹ ní kí ilé-ẹ̀kọ́ wá ilé tí àwọn ọmọ kéékèèké wà fún yín. Kì í rẹ ọmọ ọdún méje láti tún ọ̀rọ̀ yín ṣe, kì í sì í tijú láti fi yín rẹ́rìn-ín.

Oúnjẹ ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló ṣàjèjì. Télibo ni àmàlà. Crincrin ni ewédú. Akassa ni ẹ̀kọ, wagashi ni wàrà, aloko ni dòdò, igname pilée sì ni iyán. Pâte ni ọkà àgbàdo, òun ni ẹ óò máa rí jù lọ. Tí nǹkan kan kò bá bá yín lára mu, ẹ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ fún oṣù kan kó tó sọ, ìyá ilé á rò pé ọbẹ̀ òun ló bàjẹ́.

Sátidé méjì yìí, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ sọ́jà, kí ẹ gbé báàgì, kí ẹ sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà.

Bí ẹ ṣe máa jáde

Ọjọ́rú ni kí ẹ ti sọ fún maman ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Kì í ṣe ìyọ̀ǹda nìkan ni ẹ ń wá. Òun ló mọ gáréèjì tí ọkọ̀ ibẹ̀ ti ń gbéra àti iye tí wọ́n ń gbà, ó sì ṣeé ṣe kó ní ìbátan níbẹ̀. Ẹ fi orúkọ ìlú àti aago tí ẹ máa padà sílẹ̀. Kí ẹ ti wà ní gáréèjì ní aago 6:30 àárọ̀ Sátidé.

Fún zémidjan, ọ̀kadà tí ẹni tó ń wà á wọ ẹ̀wù yẹ́lò ní Kútọnu, ẹ dá iye kí ẹ tó gùn ún. Takisí ìgboro sí ìgboro kì í lọ títí á fi kún, nítorí náà ẹ wọ èyí tó ṣẹ́ kù ènìyàn kan tàbí méjì. Wọ́n lè kó ènìyàn méjì sí iwájú, mẹ́rin sẹ́yìn. Tí ìyẹn bá ni yín lára, ẹ san owó àyè méjì. Ẹ má san owó kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí àwọn kan á gba owó, wọ́n á sì tún lọ wá èrò kiri.

Ouidah ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ó jẹ́ nǹkan bí 40 kìlómítà, ọjọ́ kan sì tó o. Ilé òrìṣà erè, ìyẹn òjòlá, wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Láti inú ìlú, ọ̀nà àwọn ẹrú jìn tó kìlómítà 4 dé etí òkun níbi tí Porte du Non-Retour, ìyẹn ẹnubodè àlọ-àìpadà tí wọ́n kọ́ ní 1995, wà. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín lọ láàárọ̀ pẹ̀lú omi lítà kan àbọ̀, nítorí iyanrìn ni, ibòji kò sì tó. Kí ẹ wá gun ọ̀kadà padà. Ẹ má wọ òkun yẹn, ìgbì rẹ̀ ń fa èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún Vodun, ilé ìtura á kún fọ́fọ́. Ẹ tètè gba yàrá, àbí kí ẹ mú ọjọ́ mìíràn.

Àjàṣẹ́, nǹkan bí 30 kìlómítà, kò gba wàhálà. Mọ́sálásí ńlá ibẹ̀ tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Bràsíl padà wálé, kọ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bàhíà ní Bràsíl gan-an.

Ganvié, ìlú orí omi Nokoué, etí odò ní Calavi ni ẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ sáré pàdé yín. Ẹ lọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí owó ọkọ̀ lè pín. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìbéèrè. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń bojú wọn tí wọ́n bá rí kámẹ́rà.

Abomey fẹ́ sísùn kan. Ẹ wọ ọkọ̀ dé Bohicon, kí ẹ gun ọ̀kadà parí rẹ̀. Ẹni tó mọ bí ogun Dáhómì ṣe ya lu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864 á rí ààfin tí wọ́n ti gbéra. Ẹ pè kí ẹ tó lọ, torí iṣẹ́ àtúnṣe lè mú kí wọ́n ti apá kan.

Lómè ni kó gbẹ̀yìn. Pásípọ́ọ̀tù tún di dandan ní Hillacondji, bọ́dà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, òǹtẹ̀ méjì náà ni. Aago Tógò fi wákàtí kan rẹ̀yìn ti Bẹ̀nẹ̀: tí ọkọ̀ ìpadàbọ̀ bá gbéra ní aago mẹ́ta ti Lómè, aago mẹ́rin ti lù ní Kútọnu, òkùnkùn sì lè bá yín lójú ọ̀nà.

Ẹ padà wọlé kó tó di aago méje ní Sọ́ńdè, kí ẹ mú búrẹ́dì tàbí èso dání. Wọ́n á ní kí ẹ sọ bí ó ṣe lọ. Ẹ má sọ «c'était bien» kí ẹ sì wọ yàrá lọ. Ẹ jókòó, ẹ ròyìn rẹ̀ láti gáréèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá olùkọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.