Bí mo ṣe ń pe ìṣùpọ̀ kọ́nsónáǹtì Esperanto láìjẹ́ kí fáwẹ̀lì há sí i láàárín

Òfin kẹsàn-án nínú òfin 16 tí Zamenhof, ẹni tó ṣẹ̀dá èdè Esperanto, gbé kalẹ̀ fún un ní ọdún 1887 sọ pé bí a bá ṣe kọ ọ̀rọ̀ ni kí á ṣe pè é. Ṣùgbọ́n ahọ́n tí Yorùbá ti mọ́ lára kì í fẹ́ ìṣùpọ̀, ìyẹn ni pé kí kọ́nsónáǹtì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fara kan ara wọn. Fáwẹ̀lì tó kún inú búrẹ́dì, kíláàsì àti fíríìjì náà ni yóò fẹ́ wọ inú tri, kvin àti scias. Ó sì máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́: tri ni mẹ́ta, tiri sì ni kí á fa nǹkan, post ni "lẹ́yìn", poste sì ni "lẹ́yìn náà". Ohùn máa ń rinlẹ̀ lórí sílébù tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn, nítorí náà ek-ZEM-plo tí a sọ di e-ki-ze-mu-PU-lo kò ní yé ẹni tó ń gbọ́ mọ́.

Mo kọ́kọ́ wá ibi tí fáwẹ̀lì yìí ti ń yọ wọlé. Àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí a tú kọ́nsónáǹtì àkọ́kọ́ sílẹ̀ àti ìgbà tí a gbé èkejì kalẹ̀ ni. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí èkejì ti wà ní ipò kí àkọ́kọ́ tó tú.

Knabo ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Gbé ẹ̀yìn ahọ́n sókè fún k, kí o sì sé èémí. Má tíì tú u. Fi ṣóńṣó ahọ́n kan erìgì òkè fún n, lẹ́yìn náà ni kí o wá tú k, èémí yóò sì gba imú jáde. Fún kvar, kvin, gvidi àti lingvo, eyín òkè ti gbọ́dọ̀ wà lórí ètè ìsàlẹ̀ kí k tàbí g tó tú. Yorùbá kò ní v, ìdí nìyẹn tí w fi máa ń gba ipò rẹ̀. Bí ètè méjèèjì bá ká róbótó, w ló ń bọ̀ yẹn. Ní ìparí kvin, ahọ́n gbọ́dọ̀ kan erìgì ní ti gidi, torí n Esperanto kì í kàn ṣe fáwẹ̀lì àránmúpè bíi ti "kin".

Ìlànà kan náà ló wà fún plena àti psikologio: kí l tàbí s ti wà nílẹ̀ nígbà tí ètè ṣì pa dé. Ṣọ́ra fún p, nítorí p tiwa ní k nínú. Ti Esperanto, ètè nìkan ni. Tr àti dr ni kò gba ìlànà yìí, torí ṣóńṣó ahọ́n kan náà ló ń ṣe kọ́nsónáǹtì méjèèjì; jẹ́ kí r kúrú, kí ahọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kan péré.

St, sp, sk àti ŝt rọrùn jù. Jẹ́ kí s máa ṣàn títí èkejì yóò fi dí i. Ŝ ni ṣ wa. Fi ìka méjì lé ọ̀fun: kò gbọdọ̀ gbọ̀n títí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ yóò fi dé.

Sc ló le jù, òun ni mo sì lo àkókò lé lórí jù. C jẹ́ ts, nítorí náà scii jẹ́ s-t-s-i-i. Ẹni tó bá gbé s àkọ́kọ́ jù sí nù yóò pe cias. Ẹni tó bá gbé t jù sí nù yóò pe sias. Ohun tí mo ṣe ni pé mo so s àkọ́kọ́ mọ́ fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ tó ṣáájú: mi scias di mis-ci-as, ne scias di nes-ci-as. Nígbà tí èyí dán, mo ń dín ohùn kù lórí "mi" inú mi scias títí ó fi di wúyẹ́wúyẹ́, tí s nìkan sì kù níwájú cias. Scienco àti sceno tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó fọwọ́ kan ekscias (ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀) àti ekscitas (ó ń ru ènìyàn sókè), nítorí t kan ṣoṣo ló yà wọ́n.

Fún àwọn ìṣùpọ̀ tó gùn, mo máa ń pín ìṣùpọ̀ náà sáàárín sílébù méjì: eks-tre-ma, mon-stro, sank-ta.

Kz sì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ekzisti bí egzisti, ó sì ń yéni, ṣùgbọ́n k tó dá ṣáká ni mo fẹ́. Èyí tó burú ni kí z di s, torí eks- jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń sọ ohun àná: eksreĝo ni ọba àná. Bákan náà, b inú absolute kì í ṣe p, z inú naztuko kì í sì í ṣe s.

Gbólóhùn tí mo fi ń yẹ ara mi wò nìyí: Mi scias, ke kvin knaboj skribas tri ekzemplojn. Gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí o tún un gbọ́ díẹ̀díẹ̀, kí o máa ka sílébù. 13 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá lé, dá a dúró níbi tó ti lé, kí o padà sí ìṣùpọ̀ yẹn nìkan.