Bí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ṣe lè ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ l'Óṣogbo

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wá ibi tí yóò ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe, nídìí ètò ìlera l'Óṣogbo, ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN tàbí ọ̀sibítù ìjọba ní Asubiaro ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ. Ọ̀sibítù ń tọ́jú ẹni tí àìsàn ti kọ lù. Iṣẹ́ ẹ̀ka ìlera alábọ́dé ti ìjọba ìbílẹ̀ ni kí àìsàn má tilẹ̀ débẹ̀: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún, iṣẹ́ wolé-wolé, ṣíṣọ́ onígbáméjì àti ibà Lásà. Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, èrò tó ń wá ààyè níbẹ̀ kò sì pọ̀.

Ilẹ̀kùn tí ẹ ó kàn

Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro ìlú: ti Òṣogbo, tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Òkè Báálẹ̀, àti ti Ọlọ́rundá ní Ìgbọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú gan-an kò mọ èyí tí àdúgbò wọn bọ́ sí. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ lẹ́tà, torí lẹ́tà tó bá ṣìnà lè sùn sórí tábìlì ẹni tí kò kàn títí IT yín á fi parí. Olórí ẹ̀ka ìlera níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní MOH. Òun ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìṣirò tàbí ètò gbogbo ìpínlẹ̀ lẹ fẹ́ kọ́, Abéré, níbi tí sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ wà, ni kí ẹ gbà lọ.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ wádìí bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ní 2025, awuyewuye lórí ta ni alága mú kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ l'Ọ́ṣun jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìwé tí ẹ ó kó dání

Akẹ́kọ̀ọ́ nílò lẹ́tà láti ọ́fíìsì SIWES (ọ́fíìsì tó ń bójú tó IT) ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, àti fọ́ọ̀mù ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí ètò IT. Oṣù mẹ́rin ni ti pólí sábà máa ń jẹ́, ti yunifásítì lè tó mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí iye oṣù náà hàn nínú lẹ́tà. Ẹ ṣe fọ́tókọpí, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó kù sọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá sọ pé òun ò rí lẹ́tà kankan, òǹtẹ̀ yẹn lẹ ó fi hàn án.

Ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ilé ẹ̀kọ́ tó máa gbẹnu sọ fún un. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tó máa ń bá olórí ilé ìlera àdúgbò jókòó. Ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú lẹ́tà ojú ewé kan: ọjọ́ tí ẹ ráyè, ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, àti ẹni tó lè dúró fún yín, ì báà jẹ́ ìmáàmù, pásítọ̀ tàbí onílé. Ẹ má retí owó oṣù. Nígbà ìpolongo àjẹsára nìkan ni owó díẹ̀ máa ń kan àwọn tí wọ́n bá gbà. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ̀yin san owó kí ẹ tó ríṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe, ẹ dágbére fún un.

Ẹ dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rèé. Ọ̀gá á bi wọ́n pé, "Kí lo fẹ́ ṣe níbí?" Wọ́n á ní, "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe, mà." Ìwà ọmọlúàbí ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń rán lọ ra omi. Ẹ sọ ọ́ ní pàtó: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ wà lọ́dọ̀ DSNO." DSNO ni òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn tó ń ràn, ibẹ̀ ló bá ẹni tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí mu. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ àyíká, kó tẹ̀lé wolé-wolé wọ ọjà àti ilé oúnjẹ. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, kó béèrè fún ibi tí wọ́n ti ń kó iye inú rẹ́jísítà sórí DHIS2, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìlera jọ sí, lóṣooṣù. Wọn ò ní jẹ́ kó lọ mọ́.

Ọjọ́ àjẹsára

Ẹ̀ka yòówù kí ẹ wà, ẹ gbìyànjú kí ẹ bá wọn ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọdé. Ẹ kò gbọdọ̀ gún ọmọ o, bó tilẹ̀ rẹ nọ́ọ̀sì tó sì ní kí ẹ bá òun gún ẹyọ kan. Àwọn iṣẹ́ mìíràn wà fún yín.

Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (°C) ni fíríìjì abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ooru ń ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Ohun tí wọn ò fọkàn sí ni pé dídì náà ń ba àwọn kan jẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó kó áìsì páàkì (ike tí omi inú rẹ̀ ti dì) sínú kúlà, wọ́n á jẹ́ kó yọ́ díẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́tí, kí ẹ gbọ̀n ọ́n: bí omi bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti tó kó wọlé. Ẹ tún wo ara ìgò abẹ́rẹ́. Àmì róbótó kan wà níbẹ̀ tí àárín rẹ̀ funfun, tí ooru máa ń sọ di dúdú díẹ̀díẹ̀. Tí àárín bá ti dúdú tó etí, ẹ pe ọ̀gá yín. Ìgò yẹn kò gbọdọ̀ kan ọmọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni rẹ́jísítà, ibi tí mo gbà pé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù. Ọmọ á gba ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ti ìkẹwàá, ti ìkẹrìnlá á wá ṣófo. Ẹ kọ orúkọ irú wọn jáde, kí ẹ sì bá òṣìṣẹ́ lọ wá wọn. Àdírẹ́sì lè jẹ́ "ilé pupa lẹ́yìn mọ́sáláṣí," ó sì lè jẹ́ pé ilé pupa mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, àgbà ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ kí. Ẹ má bi ìyá ọmọ pé kí ló dé tí kò gbé e wá. "Ẹ kú ilé o, mà. Ilé ìlera ló ní ká wá kí yín. Ara ọmọ ńkọ́?" Òun fúnra rẹ̀ á tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ara ọmọ gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kọjá, tàbí káàdì sọnù tó sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á jágbe mọ́ òun. Irú ìrìn ojúlé dé ojúlé yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kéde lóṣù kẹjọ 2020 pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀

Òfin ìlera ti 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn. L'Óṣogbo yìí, kò sí bí ẹ ò ṣe ní rí orúkọ ẹni tí ẹ mọ̀ nínú rẹ́jísítà. Ẹ má sọ ọ́ nílé, kódà fún ìyá yín. Fọ́tò ọmọ tó ń sunkún lórí ìjókòó abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ dé orí WhatsApp yín, bó ti wù kó dùn ún wò tó. Kí ẹ̀yin náà sì ti gba abẹ́rẹ́ hẹpatáítìsì B kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ máa kọ logbook, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ IT yín, lójoojúmọ́, kí ọ̀gá sì máa buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nípa fọ́ọ̀mù ìparí àti lẹ́tà ẹ̀rí, ẹ béèrè fún wọn nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, torí wọ́n lè gbé òṣìṣẹ́ káńsù lọ síbòmíràn láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì gba ipò rẹ̀ kò ní mọ̀ yín rí.